Ẹnìkan Kì í Jẹ́ Àwá Dé: Ìrírí Mi Lórí Ọ̀nà Santiago

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Santiago láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé èmi àti ta ni. Mo ní èmi nìkan ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, “Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé o.” N kò jiyàn, nítorí òwe àgbà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sáré dá lóhùn, ṣùgbọ́n mo ti pinnu ná. Ó ti pẹ́ tí n kò ti ní odidi ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò pè mí, tí n kò sì jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni, mo sì rò pé bí mo bá lè dá wà fún oṣù kan gbáko, ọkàn mi yóò balẹ̀, n ó sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé dídá rìn jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń kọ́ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àti pé ẹsẹ̀ òsì mi ni yóò san owó ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀nà tí mò ń sọ yìí, tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní Camino de Santiago, kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ó pọ̀ bí ẹ̀ka odò, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ṣàn lọ sí kàtídírà ìlú Santiago de Compostela ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí àwọn Kristẹni ti gbà láti ọ̀rúndún kẹsàn-án pé ibojì Jákọ́bù àpọ́sítélì, ọmọ Sébédè, wà. Èyí tí mo gbà ni Camino Francés, ọ̀nà àwọn Faransé, tó bẹ̀rẹ̀ ní Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé, ní ẹsẹ̀ òkè Pyrenees tó pààlà ilẹ̀ náà àti Sípéènì, tó sì gùn tó nǹkan bí kìlómítà 780. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni mo gbéra. Lọ́dún yẹn, àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ìrìn-àjò mímọ́ náà ní Santiago lé ní 440,000, nítorí náà ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ nítorí pé ó ń wá aginjù, kó yáa tún èrò rẹ̀ pa.

Ọjọ́ kìíní ni ó le jù. Saint-Jean kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ, nǹkan bí mítà 170 péré ni, ṣùgbọ́n ibi tó ga jù tí a óò gbà kọjá kí a tó sọ̀ kalẹ̀ sí Roncesvalles ga tó nǹkan bí mítà 1,430, gbogbo rẹ̀ láàárín kìlómítà 25. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá títí di òpin oṣù kẹta, wọ́n máa ń ti ọ̀nà orí òkè yìí pa nítorí yìnyín àti ìkùukùu, àfonífojì Valcarlos sì ni àwọn tó bá wá nígbà òtútù ń gbà. Oòrùn ló ràn ní ọjọ́ tèmi, n kò lè fi ojú ọjọ́ ṣe àwáwí. Ẹrù mi ló fẹ́ pa mí. Ìmọ̀ràn tí gbogbo ẹni tó ti rin ọ̀nà náà rí máa ń gbani ni pé kí báàgì ẹ̀yìn ènìyàn má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Mo mọ ìmọ̀ràn yìí kí n tó kúrò nílé. Mo kàn rò pé kì í ṣe irú mi ni wọ́n ń bá wí. Kílò 11 ni mo gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí ó ní ìwé méjì, tọ́ọ̀ṣì méjì, ṣòkòtò mẹ́rin àti agbòòrùn kan nínú. Nígbà tí mo tú u palẹ̀ ní Pamplona ní ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé ìbẹ̀rù ni mo dì sínú báàgì: nítorí pé kò sí ẹni tí n ó yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń gbé ohun gbogbo ní méjì-méjì. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo fi kílò mẹ́ta àti ààbọ̀ ránṣẹ́ ṣáájú sí Santiago. N kò wá ọ̀kankan nínú wọn títí mo fi débẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, nítorí ètò rẹ̀ ló jẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo lè rìn ín. Ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ nílò àwòrán ilẹ̀. Ọfà aláwọ̀ ìyeyè ni a ń tẹ̀ lé, lára ògiri, lára òkúta, lára òpó iná, nígbà mìíràn lára ilẹ̀ títì gan-an. Àlùfáà ìjọ O Cebreiro kan, Elías Valiña, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà kùn wọ́n ní ọdún 1984, nígbà tí àwọn tó ń rin ọ̀nà náà ṣì kéré níye. Ìwé pélébé kan tún wà tí wọ́n ń pè ní credencial, tí wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sí níbi tí a bá sùn, òun ló sì ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti sùn ní albergue, èyí tí í ṣe ilé ìsùn àwọn arìnrìn-àjò. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, nǹkan bí yúrò 10 sí 15 ni mo san fún ibùsùn kan. Àwọn mìíràn kò dá iye kankan. Àpótí kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí agbára oníkálukú bá gbé ni yóò sọ sí i. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, iná ti kú. Kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù, gbogbo ènìyàn ti gbọ́dọ̀ jáde. Èmi tí mo wá dá wà wá bá ara mi nínú yàrá tí àwọn ènìyàn 40 wà lórí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, tí ẹnì kan ń dá híhanrun bí orin, tí àwọn yòókù sì ń gbè é títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú inú rere. Ní Puente la Reina, mo jókòó ti ọkùnrin méjì àti obìnrin kan láti Dẹ́ńmáàkì nídìí oúnjẹ alẹ́. Wọ́n bu ọbẹ̀ fún mi, wọ́n bi mí bí mo ṣe ń ṣe, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, wọ́n dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Wọ́n ga, ẹsẹ̀ wọn gùn, bí wọ́n bá gbé ìṣísẹ̀ méjì èmi yóò ti gbé mẹ́ta. Wákàtí kan kò ní pé tí n ó ti máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ pé kí wọ́n dẹ ẹsẹ̀. Láti Los Arcos dé Logroño jẹ́ kìlómítà 28. Láti Logroño dé Nájera ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ 29. Àkókò ìkórè àjàrà ni ní La Rioja, àwọn ènìyàn wà nínú ọgbà lọ́tùn-ún lósì tí wọ́n ń gé e sínú apẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n ṣàpèjúwe ibẹ̀, ohun tí mo rántí jù ni ẹ̀yìn báàgì aláwọ̀ ojú ọ̀run ti ọkùnrin tó wà níwájú mi, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì tó fi pín-ín-nì sá sára rẹ̀.

Ní Nájera, nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ òsì, mo rí ilà pupa kan lókè ọrùn ẹsẹ̀, ní iwájú ojúgun, tó gùn tó ìka àárín. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo sì rọra gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè sódò. Nǹkan kan ń ha lábẹ́ awọ ara, ṣàrà-ṣàrà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tẹ yanrìn gbígbẹ mọ́lẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe nígbà yẹn kò fara sin fún ọmọdé. Mo gbé oògùn ìrora méjì mì, mo sì tún tẹ̀ lé wọn ní òwúrọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dúró dè mí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo purọ́ fún wọn pé mo fẹ́ ya àwòrán, pé n ó bá wọn lọ́nà. Kìlómítà 21 láti Nájera dé Santo Domingo de la Calzada gbà mí ní wákàtí mẹ́sàn-án, ọ̀pá méjèèjì ni mo fi rọ́ dé ẹnu ìlú.

Dókítà obìnrin tó yẹ̀ mí wò kò pẹ́ rárá lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè ti wú, pé okùn bàtà tí mo fún pinpin mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wà lára ohun tó fà á, pé kí n fi omi dídì lé e, kí n sì sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán. Ó wá bi mí pé kìlómítà mélòó ni mo ti ń rìn lójúmọ́. Mo sọ fún un. Ó ní ta ló ní kí n rìn tó bẹ́ẹ̀? N kò rí èsì fọ̀. Ẹni tó sọ fún gbogbo ará ilé rẹ̀ pé òun fẹ́ dá rìn, láti ọjọ́ kẹrin ni kò ti dá rìn mọ́. Ẹsẹ̀ àjèjì mẹ́ta ló ń rìn.

Alẹ́ kan péré ni wọ́n sábà máa ń gbà kí ènìyàn sùn ní albergue, nítorí náà mo gba yàrá kékeré kan ní òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tí mo ń ṣe kò ju pé kí n máa tiro lọ sí kàtídírà ìlú náà, níbi tí wọ́n ti ń sin àkùkọ àti àgbébọ̀ funfun, alààyè, nínú ilé kan tí a kọ́ sókè lára ògiri. Ìtàn tí wọ́n fi ń rántí ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin arìnrìn-àjò kan tí wọ́n so kọ́ láìṣẹ̀, tí kò sì kú. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ lọ sọ fún adájọ́, adájọ́ ní ọmọ yín wà láàyè bí adìẹ yíyan inú àwo mi yìí ṣe wà láàyè ni. Àwọn adìẹ náà bá dìde, wọ́n kọ. Ní ọjọ́ kẹta tí mo wà níbẹ̀, àkùkọ náà kọ nígbà tí àlùfáà ń wàásù lọ́wọ́. Àlùfáà dúró díẹ̀, ó jẹ́ kó kọ tán, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. N kò mọ ìdí tí ìyẹn fi mú mi lára dá ju oògùn lọ.

Nígbà tí mo tún gbéra, kìlómítà mẹ́wàá ni mo rìn lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì san owó díẹ̀ kí ọkọ̀ máa gbé báàgì mi ṣáájú láti ìlú dé ìlú. Ọkùnrin kan rí i pé n kò gbé nǹkan kan, ó ní arìnrìn-àjò tòótọ́ a máa gbé ẹrù rẹ̀. Ó dùn mí ní ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo rántí pé àwọn arìnrìn-àjò ayé àtijọ́ tó bá ní ẹṣin, orí ẹṣin ni wọ́n ń gùn dé Santiago, n kò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan ní ìrìn-àjò tiwọn kò tọ́.

Mo wá ọgbọ́n kan dá láti fi mọ ìwọ̀n ìrìn mi. Bí n kò bá lè kọ ẹsẹ orin ìjọ kan tán láìjá mí sí àárín, a jẹ́ pé mo ń yára jù. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọjá, n ó yà fún un, n ó kí i ní “Buen Camino”, n ó sì máa bá orin mi lọ. Àwọn kan wò mí ṣàkọ̀ nítorí pé èdè Yorùbá tí mo fi ń kọrin dún sí wọn létí bí ọfọ̀. Ojúgun mi kò wú mọ́ títí mo fi dé òpin.

Lẹ́yìn Burgos ni dídá rìn gan-an tó bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Meseta, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní òkè, tí igi rẹ̀ kò sì pọ̀, tó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó dé León. Wọ́n ti kórè àlìkámà, ilẹ̀ náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, orí òdòdó tó ń tẹ̀ lé oòrùn sì ti dúdú, gbogbo wọn dorí kodò. Àwọn kan máa ń wọ ọkọ̀ fo ibẹ̀, wọ́n ní ó ń súni. Tèmi ni pé ibẹ̀ ni n kì bá má rìn bí mo bá ní kí n rin apá kan ṣoṣo. Láti Carrión de los Condes dé Calzadilla de la Cueza jẹ́ kìlómítà 17 láìsí abúlé kan láàárín, lórí ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù là. Mo gbé omi lítà méjì, búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Ní wákàtí méjì àkọ́kọ́, mo ń bá ẹnì kan jà lọ́kàn, ọ̀rọ̀ tó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Mo sọ tèmi, mo sọ tirẹ̀ fún un, mo sì borí ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó yá, ìjà náà tán fúnra rẹ̀, bí omi ṣe ń tán nínú ìgò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀. Lẹ́yìn náà, n kò kà á mọ́, bọ́kù báàgì mi nìkan ni mò ń gbọ́ tó ń dún kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́.

N kò gbọ́ ohùn kankan láti ọ̀run, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń retí rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúró láàárín ọ̀nà, mo sì bi ara mi bóyá ebi ń pa mí, n kò sì mọ̀. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo ń jẹun nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá jókòó sídìí oúnjẹ, mo ń sùn nígbà tí ilé bá parọ́rọ́, mo sì ń sinmi nígbà tí ẹnì kan bá ní ó tó. Ẹni tó ń dá rìn kò ní ẹni tí yóò wí fún un pé jẹ́ ká jókòó. Gbogbo ìpinnu kéékèèké, omi, òjìji, bàtà tó ń fúnni, tirẹ̀ ni, ó sì ń rẹni ju òkè lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo jókòó sórí òkúta, mo mú búrẹ́dì jáde. Nígbà tí mo bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan ni mo tó mọ̀ pé ebi ń pa mí kú lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ti gbọ́n láti ìgbà náà lọ. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, mo kúrò ní Sahagún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, oòrùn kì í tíì yọ níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Ní Calzada del Coto, ọ̀nà náà pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí El Burgo Ranero, níbi tí mo ti gba ibùsùn sílẹ̀, èkejì gba Calzadilla de los Hermanillos. Mo rí iná orí àwọn méjì kan níwájú, mo bá tẹ̀ lé iná wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo rí pátákó, mo ti rìn jìnnà sí ọ̀nà kejì. Mo tún tẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹlòmíràn! Mo pe ilé tí mo gbà sílẹ̀, mo fi Sípáníìṣì gbọ́lọ-gbọ̀lọ bẹ̀ wọ́n, mo sì sùn ní Hermanillos. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọfà kò bá hàn sí ojú èmi fúnra mi, n ó dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tí mo fi àwòrán òǹtẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi ní gbogbo alẹ́, fóònù mi dún. Wọ́n ní, “Orúkọ tó wà nínú òǹtẹ̀ yìí kọ́ lo sọ fún mi lánàá.” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ìlú náà sílẹ̀ sínú ìwé kan, láti Saint-Jean, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti kọ́kọ́ kà á sí àbójútó àṣejù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gba ẹni tó fẹ́ dá rìn nímọ̀ràn, ohun tí n ó kọ́kọ́ sọ nìyẹn, ṣáájú nọ́ńbà 112 tí a ń pè nígbà ewu jákèjádò Yúróòpù: kí ẹnì kan wà tó mọ ibi tí o sọ pé o máa sùn, tí yóò sì bínú bí o kò bá débẹ̀. (Kí o sì yẹ etí fóòmù ibùsùn wò fún ìdun kí o tó gbé báàgì lé e. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi yún ara.)

Lẹ́yìn Foncebadón ni Cruz de Ferro wà, ní nǹkan bí mítà 1,500: òpó igi gígùn kan tí àgbélébùú irin kékeré wà lórí rẹ̀, àti òkìtì òkúta nísàlẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń gbé láti ilé wọn wá sọ síbẹ̀. Mo sọ tèmi sílẹ̀, mo sì kọjá. Ìsọ̀kalẹ̀ sí Molinaseca ló bà mí lẹ́rù ju òkè rẹ̀ lọ, orí òkúta ṣákoṣàko ni gbogbo rẹ̀, mo sì gbà á ní kọ́rọkọ̀rọ bí àgùntàn títí orúnkún mi fi yè é.

Ní Sarria, nǹkan yí padà. Ìlú náà fi díẹ̀ lé ní kìlómítà 100 sí Santiago, kìlómítà 100 sì ni ó kéré jù tí ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ rìn kó tó lè gba ìwé ẹ̀rí, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èrò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ariwo, orin láti inú fóònù, bàtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde. Mo fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wọn fún odidi ọjọ́ kan, bí ẹni pé èmi ni mo la ọ̀nà náà. Ní Portomarín, ìyá àgbà kan tí ibùsùn wọn wà nísàlẹ̀ tèmi ní kí n bá wọn tú okùn bàtà wọn, nítorí pé ẹ̀yìn kò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ mọ́. Kìlómítà méje sí mẹ́jọ ni wọ́n ń rìn lójúmọ́, àwọn nìkan. Mo tú u. Wọn kò fún okùn náà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rárá. N kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọjọ́ kẹrìnlélógójì ni mo wọ gbàgede Obradoiro níwájú kàtídírà. Àwọn ènìyàn na gbalaja sórí òkúta ilẹ̀, wọ́n fi báàgì ṣe ìrọ̀rí, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń jẹ bísíkítì. N kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Mo jókòó, mo tú okùn bàtà, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, a ti dé.”

Wọn kò kọ́kọ́ dáhùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí ìwé, ewé kan, ewé kejì, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń wá gègé kiri orí tábìlì. Wọ́n wá ní kí n rọra pe àwọn lẹ́tà orúkọ ìlú tó gbẹ̀yìn yẹn fún àwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn má baà kọ ọ́ ṣì.